Èmi Ni Mo Da Yìnyín Sínú Omi Ẹja Ọkọ Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, mi ò lè gbé ojú kan mọ́. Mo jókòó, mo dìde. Mo bu oúnjẹ, mo gbé e tì. Láti ìgbà tí mo ti pàdé Múfú ní ọjà Mile 12 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó bú mi.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mò ń gbé, ní Magodo. Ọkọ rẹ̀ ní àpótí gíláàsì ńlá kan ní pálọ̀, omi oníyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, bíi ti òkun. Ẹja aláràbarà wà níbẹ̀, àti irú iyùn kan tó wà láàyè, tó ń tanná bí òdòdó. Múfú, ọkùnrin tí wọ́n gbà láti máa tọ́jú ẹja náà, ló ń po iyọ̀ omi náà. Láti Ajégúnlẹ̀ ló ti ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà ooru, fáànù ni wọ́n máa ń tàn sí i kí omi má baà gbóná. Mo máa ń sọ fún Múfú pé, "Ẹja tí a kì í jẹ, ó ń gba atẹ́gùn jù mí lọ!" Á rẹ́rìn-ín: "Màmá, ẹ má wò ó bí ẹja ọbẹ̀ o!"

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ọkọ ọmọ mi pè mí: "Mummy, ẹ gbé àwọn ìgò omi dídì inú fírísà lé ojú omi yẹn. Ẹ má ṣí wọn o." Mo gbé wọn sí i. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, òtútù wà nínú ìgò, ẹja wà níta, báwo ló ṣe máa kàn wọ́n? Mo bá fi ọ̀bẹ la àwọn ìgò náà, mo da yìnyín sínú omi. Nígbà tó fẹ́ kún jáde, mo bù lára rẹ̀ dànù, mo tún da òmíràn sí i. Mo rò pé mo gbọ́n ni.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, iyùn ti funfun, ẹja ti ń léfòó. Mo kó àwọn ìgò náà dànù.

Nígbà tí ọkọ ọmọ mi dé, ó wọn omi náà, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kéré. Àṣé yìnyín mi tí kò níyọ̀ ló là á. Ó kọjú sí Múfú. Múfú ní, "Ọ̀gá, mo wọ̀n ọ́n dáadáa." Wọ́n bi mí. Mo ní mi ò ṣí ìgò kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ló tì mí, àgbà bíi tèmi. Wọ́n lé Múfú, wọ́n sì sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ẹ́séètì pé kò mọ iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i ní Mile 12, apẹ̀rẹ̀ tòmátì ló rù. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní, "Màmá, mo ṣì ń ro ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn o. Bóyá mo ṣì í wọ̀n lóòótọ́." Mo ní kó bá mi kí ìyàwó rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkọ ọmọ mi ò rí mi fín rí. Tí mo bá sọ ọ́, bóyá mi ò ní lè gbé ilé rẹ̀ mọ́. Ṣé òun ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀, àbí Múfú? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọkùnrin yẹn ti ń gbà pé òun ló jẹ̀bi.