Àdírẹ́sì Tó Wà Nínú Òkun

Ọlọ́run tó kọ́ ẹja ní mímí nínú omi, tí kò kọ́ èmi, síbẹ̀ tí kò jẹ́ kí n kú síbẹ̀, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́.

Gbogbo yín mọ iṣẹ́ mi. Akódà kóòtù ni mí: bí wọ́n bá pe ẹnì kan lẹ́jọ́, èmi ni mò ń mú ìwé lọ fún un. Àwọn ará Abẹ́rẹ́ke ló pe ilé-iṣẹ́ kan tó ń fa iyanrìn létí òkun wọn lẹ́jọ́, pé iyanrìn tí wọ́n ń fà ló jẹ́ kí òkun máa wó ilé wọn. Adájọ́ ní bí ìwé náà kò bá dé ọwọ́ ọ̀gá wọn kí ìjókòó tó ń bọ̀ tó pé, òun máa da ẹjọ́ náà nù.

Ilé-iṣẹ́ yìí kò ṣeé rí! Mo dé Mahintẹ́dó, wọ́n ní àná ni wọ́n kó lọ. Mo dé ibi tí wọ́n so báàjì wọn, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń fa iyanrìn, mọ́, okùn nìkan ni mo bá lára òpó. Àwọn ará Abẹ́rẹ́ke wá ń wò mí bí ẹni tó ti gba rìbá. Obìnrin kan tó ń yan ẹja tiẹ̀ sọ ọ́ sí mi lójú: "Akódà, ẹ nu ẹnu yín o, òróró ilé-iṣẹ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀." Ó dùn mí wọra.

Ó ku àdírẹ́sì tó wà lára ìwé, ní Aráròmí. Bàbá Rájí, Mùsùlùmí ọmọlúàbí tó máa ń fi bóòtù ẹlẹ́ńjìnnì gbé mi, ló gbé mi lọ. Nígbà tó yá, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní, "A ti dé." Mo wò yíká. Omi! Òpó síméńtì kan ló yọrí, ẹyẹ sì bà lé e. Òkun ti gbé ilé náà mì!

Bàbá Rájí ní, "Ṣé kí n dúró kí ẹ kanlẹ̀kùn ná?"

A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ìgbì gbé wa kọlu ògiri tó wà lábẹ́ omi. Páà! Bóòtù dojú dé. Láífù jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Mo ti fi ṣe tìmùtìmù, mo jókòó lé e! Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, mo mọ̀ ọ́n wẹ̀, àmọ́ òkun kì í bèèrè ọmọ ẹni tí èèyàn jẹ́. Bàbá Rájí rọ̀ mọ́ ìdí bóòtù, ó ń pe Allah. Èmi ń pe Jésù. Nígbà tí ohùn mi ò jáde mọ́, mo sọ nínú ọkàn mi pé, "Olúwa, bí mo bá gba rìbá, jẹ́ kí n lọ. Bí n kò bá gbà á, dá mi lóhùn."

Ará, bóòtù funfun kan yọ! Ọkùnrin kan tó sanra nawọ́, ó wọ́ mi sókè bí àwọ̀n, ó fa Bàbá Rájí náà. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀, ó fi bò mí.

Ìyá mi kọ́ mi pé ẹni tó bá yọ ọ́ nínú omi, orúkọ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ bèèrè, kí o lè máa fi gbàdúrà fún un. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n máa pè yín níwájú Ọlọ́run?" Ó sọ orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀.

Yéè! Orí mi wú. Orúkọ tó wà lára ìwé kóòtù ni! Mo wo ọ̀ọ́kán, báàjì wọn rèé. Ìwé náà wà ní ìbàdí mi, mo ti fi ọ̀rá wé e, omi ò kàn án. Ṣé ẹni tó dá ẹ̀mí mi padà ni kí n fún ní ìwé ẹjọ́? Àmọ́ ojú obìnrin ẹlẹ́ja yẹn kò kúrò níwájú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú bóòtù, mo dúpẹ́ títí. Nígbà tí mo dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí i.

Ó kà á. Ó wò mí. Ó wo omi. "Háà! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa ẹjọ́ sínú bóòtù?"

Bàbá Rájí ní, "Ọ̀gá, ẹ ò lè dá a padà sómi mọ́ o."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé wa dé èbúté.

Adájọ́ kò da ẹjọ́ náà nù, ó ń lọ lọ́wọ́. Ohùn àwọn ará Abẹ́rẹ́ke ti dé kóòtù. Ní àràárọ̀ ni mò ń dárúkọ ọkùnrin yẹn fún Ọlọ́run pé kó bùkún un. Bí kóòtù bá sì fún mi ní ìwé rẹ̀ míì, màá gbé e lọ, tèmi ti láífù jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn! Ẹ dìde, ẹ bá mi jó. Ẹni tó ń sá fún mi ni Ọlọ́run rán pé kó wá fà mí yọ. Ògo ni fún un!