Ohun Tí Lucien Pò Mọ́ Dóńgóyárò

"Òtítọ́ yìí kò ṣe é gbé mì mọ́. Bí n kò bá sọ ọ́ báyìí, ọmọ ni yóò bá a lọ." Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni Lucien wà nígbà tó ń wí bẹ́ẹ̀ níwájú ilé ìwòsàn ní Pobè. Nínú yàrá lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni Merveille wà, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ rọ jọwọrọ. Ọmọ-ọmọ Táńtí Hortense, àbúrò bàbá Lucien, ni ọmọ náà. Táńtí dúró ti Lucien, dókítà obìnrin sì yọjú síta láti gbọ́.

Gbogbo ìlú Towé ló mọ Lucien sí ẹni tó ń gún kóró dóńgóyárò tà fún àwọn olóko ìbẹ́pẹ. Wọ́n ń bù ú sí ìdí igi kí ó lè pa àwọn aràn wẹ́wẹ́ abẹ́ ilẹ̀ tó ń mú gbòǹgbò yọ kókó, tí ewé fi ń pọ́n. Kò sí kẹ́míkà nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe ń rà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n oògùn ewé kì í yára, àwọn olóko sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. "Ìwà wàdùwàdù ló sọ mí dà báyìí," ni Lucien wí. Ó ra apakòkòrò oníhóró tí wọ́n kó gba ẹnubodè wọlé, ó lọ̀ ọ́, ó pò ó mọ́ ọn. Ìbẹ́pẹ tún tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n ń yìn ín, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú kò sì tì í. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Lucien kò tilẹ̀ pé oṣù mẹ́ta.

Ta ni kò mọ̀ pé dóńgóyárò la fi ń wẹ ọmọ tí ara ń yún? Òun náà mọ̀. Ojú rẹ̀ ni Táńtí ṣe bu ìyẹ̀fun náà, tó ní òun fẹ́ fi wẹ Merveille. Lucien la ẹnu, ó tún pa á dé. Ẹ̀rù ìtìjú ju ẹ̀rù Ọlọ́run lọ lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Dókítà bi í pé kí lorúkọ apakòkòrò náà. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, òun sì ti sun àpò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Obìnrin náà sáré padà wọlé. Lucien wá ń bẹ Táńtí pé kó dárí ji òun.

"Dìde ńlẹ̀," ni Táńtí wí. "Ilé mélòó ni ìyẹ̀fun yìí wà? Lọ sọ fún wọn ná, kí o tó wá máa bẹ̀ mí."

Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Nílé àkọ́kọ́ tó yà ní Towé, Rosine tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló jáde sí i, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣé o, bọ̀ọ̀dá. Mo fi ìyẹ̀fun yín wẹ ọmọ láàárọ̀, ara kò yún un mọ́. Àtìgbà náà ló ti ń sùn, kò tilẹ̀ sunkún."