Iyán tí ìyá gún de àáró

Nínú mọ́tò tó ń gbé wa láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Emùré, olùkọ́ yunifásítì kan, ọ̀dọ́bìnrin tó mú fọ́ọ̀mù ìwádìí dání, ń bi ìyá àgbẹ̀ tó jókòó tì í léèrè ohun tí dróònù, ẹ̀rọ tó ń fò fín oògùn sóko, ti yí padà lọ́dọ̀ wọn.

"Ó pa koríko oko ẹ̀gẹ́ mi. Ó pa ẹ̀fọ́ ẹ̀gúnmọ̀ etí oko mọ́ ọn."

"Mo ti kọ ìyẹn, mà. Kí ló tún kù?"

"Àáró ńkọ́? Oko mi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. A ó jọ roko, a ó jọ bú ara wa. Ẹni tó loko ní í gúnyán."

"Kò sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù yìí, mà."



"Ọjọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ náà wá, mo gbé uṣu ogún ènìyàn kaná, bí mo ti í ṣe. Uṣu ò tíì jinná tó fi parí iṣẹ́. Mo dúró ti ìkòkò, mo ń wo ọ̀nà oko."

"Ta lẹ̀ ń retí, mà?"

"Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀, ọmọ mi. Mo ṣáà gún un."