Mọ́tò tí kò gba ìyá rẹ̀

Ọdún tí àwa obìnrin Ẹ̀gbá ní a ò san owó orí mọ́ ni mo jókòó ní ìsọ̀ aláró kan n'Ítòkú, tí mo ń retí aṣọ mi, tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì kan.

Ọ̀kan ń fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ wo ọlọ́mọ́tò kékeré! Ìwọ tó o fi odindi bọ́lẹ̀kájà pààrọ̀ mọ́tò kékeré bí ìjàpá."

"Ọ̀rẹ́, jẹ́ n sinmi. Bọ́lẹ̀kájà yẹn ń mu epo bí ẹni mu omi, epo ò sì wọ́pọ̀. Èyí, ìwọ̀nba epo díẹ̀ á gbé e dé Ọ̀fàdà, á gbé e bọ̀."

"O gbọ́n nìyẹn. Kí ló wá dé tójú rẹ fà ro?"

"Ìyá mi kú níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nílé wa l'Ọ́fàdà, inú yàrá àgbà la ti ń sin ín. Pósí ò wọ mọ́tò mi. Ọ̀dọ̀ ẹni tó gba bọ́lẹ̀kájà lọ́wọ́ mi ni mo lọ bẹ̀bẹ̀. Orúkọ ìyá mi tí mo ní kí wọ́n kùn síwájú bọ́lẹ̀kájà náà ṣì wà níbẹ̀. Bọ́lẹ̀kájà yẹn ló gbé ìyá mi lọ, èmi wà nínú mọ́tò kékeré mi, mò ń jẹ eruku lẹ́yìn."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ó ṣáà délé."

"Ó délé. Mọ́tò mi ò mu epo, ṣùgbọ́n kò gba ìyá mi."

Gbólóhùn yẹn ò kúrò létí mi. Nígbà tí àwọn ọmọ mi fẹ́ ra mọ́tò, mo ní, "Ẹ má kàn béèrè bó ṣe ń mu epo. Ẹ béèrè bóyá ó máa gbà mí."