Òwú Wo Lo Fi Dè É?

Ṣé nǹkan yẹn ti ń gba ohùn? Gbé e sún mọ́ mi. Ó dáa… Nígbà tí èmi náà ṣì ń sáré kiri láì wọ bàtà, Hàlímà, ní Èbúté Mẹ́tta létí ọ̀sà, ta ló ń ra káìtì? Ẹ̀yin lẹ ń rà á ní Walworth nílùú ọba níbí, tòun ti okùn ẹ̀ nínú ọ̀rá. Àwa ń ṣe tiwa ni. Bébà àti ìgbálẹ̀, a ó fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Má fẹsẹ̀ gbá tábìlì yẹn mọ́ o.

O ní kí n sọ okùn tí ẹ máa rà, torí káìtì Áṣíà àbúrò rẹ tó já lọ ní Sátidé, lórí òkè ní Forest Hill. O ní afẹ́fẹ́ ni. Mo gbọ́. Jẹ́ kí n sọ ti Múfú fún ẹ ná.

Múfú ni àbúrò mi ọkùnrin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún rọ láti kékeré, kò lè sáré. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ òwú, ẹ gbà mí o! Á jókòó sórí àpótí, á máa wo èéfín ẹja tí wọ́n ń yan lódìkejì. Tí èéfín bá ń gòkè jẹ́jẹ́, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òwú ìránṣọ ni tòní. Ẹ tú u gùn." Torí bí afẹ́fẹ́ ò bá lágbára, okùn tó wúwo á kàn fa káìtì wálẹ̀ ni. Tí èéfín bá tẹ̀ díẹ̀, á lọ́ òwú méjì pọ̀. Tí èéfín bá wá ń sùn sílẹ̀, okùn ìpẹja nìkan, kó sì kúrú. Afẹ́fẹ́ òkè le ju ti ilẹ̀ lọ. Bó o ṣe ń tú u sí i ló ń fà sí i. Á wá fi ìka ta okùn. "Tó bá ti ń kọrin, ẹ ká a wálé." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án o! Ta ló kọ́ ọ? Ṣé fóònù ni?

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àdúgbò ò pè é ní Múfú. Arọ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní tí káìtì rẹ̀ bá wà lókè títí wọ́n á fi pèrun Àlàásárì lọ́jọ́ Iléyá, àwọn á máa pe orúkọ ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe káìtì yẹn. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú…

Iléyá dé, afẹ́fẹ́ ń jà. Múfú wọn okùn ìpẹja, kúkúrú báyìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a ò bá wọn du òkè. Kó ṣáà ti pẹ́." Èmi ni mo máa dì í mú, torí èmi ni mo lè sáré. Ṣé mo wá gbọ́ràn? Ojú ń tì mí pé kí tiwa wà nísàlẹ̀ tàwọn yòókù. Bó ṣe ń ṣe àlùwàlá, mo tú okùn yẹn, mo fi òwú ìránṣọ ìyá wa dè é.

Ó gòkè! Ó ga ju ti gbogbo wọn lọ. Múfú ń pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín… àfi bó ṣe gbọ́ tí òwú bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. "Ẹ ká a! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ká a!" N ò ká a. Ó já. Káìtì pupa forí lé ọ̀sà. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, "Arọ o! Arọ o!"

Múfú gba ìyókù òwú lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka méjì yí i. Ó wò mí. Ó wá yíjú sí wọn, ó ní, "Afẹ́fẹ́ ni."

A délé, ìyá wa ń wá òwú ẹ̀. "Ta ló mú un?" Múfú ní, "Èmi ni." Ó jẹgba, èmi dúró síbẹ̀, mo panu mọ́. Èmi ẹ̀gbọ́n! Ó ń dùn mí dòní. Arọ náà ni wọ́n ń pè é títí a fi kó kúrò ládùúgbò yẹn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa lé e bá. Tèmi ti ju ogún lọ fíìfíì. Mo dé ìlú ọba yìí, mo ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Catford títí èmi náà fi di arúgbó. Lọ́dún tó kọjá tí ara Múfú ò yá, mo pè é. Mo ní, "Múfú, òwú ọjọ́ Iléyá yẹn…" Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, afẹ́fẹ́ ni jàre. Òtútù Peckham ńkọ́?" La bá ń sọ̀rọ̀ òtútù. Òtútù, Hàlímà! Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n sin ín. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

Ayé yín dẹrùn, ẹ ń rí afẹ́fẹ́ ọ̀la lórí fóònù lónìí. Ó dáa. Àmọ́ láti Sátidé ni Áṣíà ti ń sunkún pé òun ò mọ káìtì dì mú. Okùn tó nípọn tí mo ní kí ẹ lò ní Sátidé ńkọ́? Mo rí i nínú àpò kóòtù rẹ láàárọ̀ yìí. Ẹ ò tiẹ̀ tú u.

Òwú wo lo fi dè é?

…Má sunkún. N ò bá ẹ jà. Pa nǹkan yẹn, kó o lọ kanlẹ̀kùn àbúrò rẹ. Tó bá ní afẹ́fẹ́ ni, má gbà fún un.