Lẹ́tà Kánò tí Mo Fi Dáná

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti wà nínú mi láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì ti di ìyá àgbà báyìí. Ọkọ mi ò mọ̀. Pásítọ̀ mi ò mọ̀. Ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an ò mọ̀, òun sì ni ọ̀rẹ́ mi tó pẹ́ jù. Ohun tó sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lóṣù tó kọjá ló jẹ́ kí n mú bírò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á kí ẹ tó bú mi.

Ìjerò ni a ti lọ sílé ìwé, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òndó. Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀rẹ́ mi yìí ní Dúpẹ́. Màmá rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń gbé nítòsí ilé wa. Bàbá rẹ̀ wà lóko kòkó lọ́nà Ayétòrò. Bàbá náà ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn kí ọmọ rẹ̀ kàwé tó o.

Ní fọ́ọ̀mù tíríì, tíṣà jọ́gíráfì wa sọ pé òun máa mú wa lọ wo Kánò. Ẹ gbọ́ mi o, Kánò! Ìsun omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì ni ibi tó jìnnà jù tí ilé ìwé wa ti mú ọmọ lọ rí. Tíṣà ní ọ̀nà aṣálẹ̀ ni ìlú náà wà, pé oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré. Ogún ọmọ péré ni mọ́tò máa gbà, ó bá fún wa ní ìdánwò. Dúpẹ́ ṣe ipò keje. Èmi ṣe ipò kọkànlélógún.

Tíṣà fún àwọn ogún náà ní lẹ́tà kí òbí wọn fọwọ́ sí i. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ ò bá dé lọ́jọ́ Ajé, ẹni tó tẹ̀ lé àwọn ogún náà nínú ìdánwò á gba àyè rẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn.

Ní Sátidé, ara ìyá àgbà Dúpẹ́ ò yá, Dúpẹ́ ò sì lè fi í sílẹ̀. Èmi àti màmá mi ń lọ ra iṣu ní Ayétòrò, ló bá fi lẹ́tà lé mi lọ́wọ́. Màmá mi wà lọ́jà, èmi nìkan ni mo lọ bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń sá kòkó. Mo ka lẹ́tà náà fún un. Ó ní kí n tún un kà. Ó yá ìǹkì lọ́wọ́ akọ̀wé kòkó, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Ó ní, “Sọ fún un kó wo ùlú ọ̀hún dáadáa, kó wá rò ó fún mi.”

Mi ò ní sọ pé iṣẹ́ èṣù ni. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí màmá mi ṣe yẹra nídìí ọbẹ̀, mo ki lẹ́tà náà bọ inú iná. Ibi tí àtàǹpàkò wà ló jó kẹ́yìn. Mo wá lọ sọ fún Dúpẹ́ pé bàbá rẹ̀ gba lẹ́tà, pé ó ní òun á mú un wá fúnra òun.

Lọ́jọ́ Ajé, Dúpẹ́ dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé títí aago fi lù. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà pe orúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wò ó: Dúpẹ́ ló bá mi di ẹrù. Bàtà rẹ̀ ni mo wọ̀ lọ.

Ẹ má bínú, Kánò dùn. Oòrùn ibẹ̀ le débi pé aṣọ tí mo kọ́kọ́ sá ti gbẹ kí n tó fọ ìkejì tán. A rí ògiri amọ̀ àtijọ́ tó yí ìlú ká. A rí ràkúnmí, tíṣà wa ló kọ́kọ́ sá. Wọ́n mú wa lọ síbi kòtò aró, a rí i pé ọkùnrin ló ń rẹ aṣọ, apá wọn ti dúdú dé ìgúnpá. Àwa tó jẹ́ pé àwọn ìyá àgbà wa ló ń ṣe é nílé, a rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n tún ní ká wá gun òkè Dala. Ọmọ Èkìtì tó ti ń wo òkè Ẹ̀fọ̀n láti kékeré, òun ni wọ́n ní kó wá wo òkè! A sáré gùn ún ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí rẹ̀, tí a rí gbogbo ilé amọ̀ yẹn lábẹ́ oòrùn, tí wọ́n lọ títí ojú ò fi tó o mọ́, a bẹ tíṣà pé ká má tíì sọ̀ kalẹ̀. Mo ṣì ń rí i bí mo bá pajú dé. Inú mi dùn níbẹ̀ ju ibikíbi lọ, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a dé, bàbá Dúpẹ́ gbé iṣu wọ̀lú. Ó wá gbọ́ ìròyìn lẹ́nu ọmọ rẹ̀, èmi náà sì wà lọ́dọ̀ wọn.

“Dúpẹ́, Kánò ńkọ́?”

Dúpẹ́ bú sẹ́kún. “Bàbá, ṣebí ẹ̀yin ni ẹ ò mú lẹ́tà wá!”

“Lẹ́tà ke? Mo tẹ ùka sí ùwé ọ̀hún. Ọ̀rẹ́ rẹ yìí ni mo dá a padà fún.”

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo kúnlẹ̀, torí wọ́n kọ́ mi nílé, mo sì parọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “Bàbá, ọwọ́ yín ló wà o.”

Bàbá náà wò mí títí. Ó mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀. Ì bá pariwo, ì bá ránṣẹ́ pe màmá mi. Ó kàn fa àpótí, ó jókòó. “Ó dáa. Ùwọ tí o lọ, wá rò ó fún wa.”

Mo rò ó. Dúpẹ́ kọ ẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀, ó kọjú sí mi, ó ń gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, Dúpẹ́ ò lo ọlidé lóko mọ́. Ó ní bàbá òun gbàgbé lẹ́tà, ó tún wá ń purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tó ń ṣègbéyàwó, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ní kó fa òun wọ ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá rẹ̀ jókòó sí àga ẹ̀yìn bí àlejò. Bàbá náà kú kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Kò fi mí sùn títí ó fi kú. Dúpẹ́ di tíṣà jọ́gíráfì, ó sì ń ṣàlàyé Kánò débi pé àwọn ọmọ rò pé ó ti débẹ̀. Kò dé ibẹ̀ rí. Ẹnu mi ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, níbi ìsìn ìrántí bàbá rẹ̀, Dúpẹ́ dìde láàárín ìjọ. Ó ní bàbá òun parọ́ fún òun nígbà kan, òun sì fi sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n òun ti dárí jì í. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́: èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ó fẹ́ gbé òkúta tuntun sójú oórì bàbá náà. Nítorí pé iṣẹ́ tíṣà Yorùbá ni mo ṣe, ó fún mi ní ohun tí wọ́n máa kọ sí i, kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wà níwájú mi báyìí: “Bàbá, ọmọ yín ti dárí jì yín.” Ó ti ń bi mí pé kí ló dé tí n kò tíì dá a padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dákẹ́, kí wọ́n gbẹ́ irọ́ mi sórí ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni? Àbí kí n lọ sọ fún Dúpẹ́ pé òun ló yẹ kó bẹ bàbá rẹ̀, nígbà tí kò sí bàbá mọ́ tó máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀?