Ìyá Tó Ń Fi Fóònù Ṣeré Ìdárayá

Nínú máíkírà tó ń lọ láti Adégbàyí sí Alákìá ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan yọjú wo ohun tí màmá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ń tẹ̀ lórí fóònù wọn.

"Háà! Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń fi fóònù gba àyè ogún èèyàn sílẹ̀ ní jíìmù wa láago mẹ́fà àárọ̀? Èmi ni mo ń kọ́ni níbẹ̀."

"Èmi ni, ọmọ mi. Èmi àti ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa ni."

"Ẹ ò sì wá rí! Fóònù á ní yàrá ti kún, àwọn tó fẹ́ wá ò ní ráyè. Èmi nìkan ni màá dúró síwájú dígí, tí màá máa ka ení, èjì. Ọ̀gá mi ti fẹ́ dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́."

"Ṣé o rí i, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, tó dáhùn pé, 'Ẹ kú ìmúra, à ń retí yín,' ara mi á fúyẹ́ bí ẹni tó ti sáré. Màá sì lọ jókòó ti ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ mi."

Bí ẹni tó ti sáré! Ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

"Mà, màá pa orúkọ yín rẹ́ o."

"Má dán an wò! Látìgbà tí mo ti ń gbàyè ni ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti ń wálẹ̀. Ó ya nọ́ọ̀sì gan-an lẹ́nu."

Ọ̀dọ́kùnrin náà mí kanlẹ̀.

"Ó dáa, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gba ti aago méjì ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó ń wá nígbà yẹn."

"Aago méjì kẹ̀? Ìgbà yẹn ni mo máa ń sùn!"